Mo Ṣí Ìwé Dúkìá Àwọn Aṣòfin Amẹ́ríkà: Ohun Tí Akápò Kan Rí Níbẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Bí ìpàdé ọdọọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, màá to lẹ́jà, risíìtì àti ìwé báńkì sórí tábìlì, màá sì kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó máa bọ̀. Ìyá kan wà láàárín wa tí kò kàwé. Kò sí ọdún tí kì í wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa ń mú dání, á ní kí ọmọ náà máa ka gbogbo ìlà tí orúkọ òun bá wà sókè, òun náà á máa fi ìka ṣírò rẹ̀. Bí náírà kan bá dín, ó máa mọ̀. Ojú ìyá yẹn ni mo fi wo iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ ìwé ẹgbẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ló fà á. Ó sọ lọ́jọ́ kan pé ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè jókòó sílé kó máa wo ilé iṣẹ́ tí aṣòfin ra ṣíà rẹ̀, ọjọ́ tó rà á, àti iye tó ná sí i. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bọ́ síbí, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i." Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ilẹ̀kùn méjì ló ní, torí pé ilé aṣòfin méjì ni wọ́n ní. Ti Ilé Aṣojú-ṣòfin wà lójú òpó ọ́fíìsì akọ̀wé Ilé náà, disclosures-clerk.house.gov. Ti àwọn sẹ́nétọ̀ wà lọ́tọ̀, ní efdsearch.senate.gov. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọn ò ní kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kankan, wọn ò bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ní ti Ilé Aṣojú-ṣòfin, ẹ tẹ orúkọ bàbá aṣòfin náà, ẹ mú ọdún, àwọn ìwé rẹ̀ á sì tò wálẹ̀. Ní ti sẹ́nétọ̀, ìkìlọ̀ kan máa kọ́kọ́ yọ sí yín: òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwé wọ̀nyí ṣòwò, yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìròyìn, kò gbà kí wọ́n fi díwọ̀n bóyá ẹnì kan yẹ láti yá lówó, kò sì gbà kí wọ́n fi wá ẹni tí wọ́n máa lọ tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa fi àmì sí àpótí kékeré kan pé ẹ ti gbọ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo ka ìkìlọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi àmì sí i. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n rántí pé dúkìá èèyàn ni wọ́n ń fi hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó gba ìbò ará ìlú ni.

Òfin 1978, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Watergate lé Ààrẹ Nixon kúrò lórí àga, ló fi dandan lé ìkéde náà. Lọ́dọọdún, ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ló yẹ kí ìwé kálukú ti wọlé, wọ́n sì lè tọrọ àfikún àkókò tó tó 90 ọjọ́. Àmọ́ òfin kejì ló sọ iṣẹ́ náà di ohun tí èèyàn ń jókòó tì. STOCK Act lorúkọ rẹ̀, Obama fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2012. Ó ní aṣòfin tó bá ra ṣíà tàbí tó tà á, tí iye rẹ̀ ju $1,000 lọ, gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ láàárín 30 ọjọ́ tó gbọ́ nípa ọjà náà, kò sì gbọdọ̀ kọjá 45 ọjọ́ sí ọjọ́ tí ọjà náà wáyé.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo ojú ìwé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kan. Lápá òsì, lẹ́tà méjì ló ń sọ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá kọ SP, ọkọ tàbí ìyàwó aṣòfin ló ni ín. JT, àwọn méjèèjì ló jọ ni ín. DC, ọmọ tí wọ́n ṣì ń bọ́ ni. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ti aṣòfin fúnra rẹ̀ ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan ṣoṣo: P, ó rà, S, ó tà. Ọjọ́ méjì ló wà níwájú ìyẹn, ọjọ́ tí ọjà wáyé àti ọjọ́ tí ìròyìn rẹ̀ dé etí aṣòfin. Iye owó ló kẹ́yìn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìbúra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà lókè, orúkọ ẹni tó búra, àti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ wọ̀nyẹn lojú mi kọ́kọ́ lọ, ojú akápò ni. Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tó wà láàárín ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìfọwọ́sí. Àwọn kan ò jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan dúró títí ó fi ku ọ̀la. Àwọn kan jẹ́ kó kọjá. Fún ẹni tó ti pa ìwé owó mọ́ rí, ìyàtọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ irú ọwọ́ tí kálukú fi mú ìbúra rẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn: ẹ ò nílò oníròyìn kankan kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ lè kà á bí ẹ ṣe ń ka ìwé ìfowópamọ́ yín.

Ìgbà tí mo dé orí iye owó ni inú mi bàjẹ́.

Wọn kì í kọ iye gan-an. Àlàfo ni wọ́n ń kọ, láti iye báyìí dé iye báyìí. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti $1,001, ó parí sí $15,000. Òmíràn láti $15,001 dé $50,000. Ìyẹn ṣì ṣeé gbọ́. Ẹ wá gòkè sí i: $1,000,001 dé $5,000,000. Èyí tó tẹ̀ lé e, $5,000,001 dé $25,000,000. Aṣòfin tó ní mílíọ̀nù márùn-ún àti dọ́là kan, àti èyí tó ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún, inú àpótí kan náà ni wọ́n jókòó sí. Bí mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́jà pé owó ọmọ ẹgbẹ́ kan wà láàárín ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà, ìpàdé ò ní parí kí wọ́n tó yọ mí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2020, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Kòrónà tó wó ọjà ṣíà lulẹ̀, Sẹ́nétọ̀ Richard Burr ti ìpínlẹ̀ North Carolina ta ṣíà ní ọ̀nà 33 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà náà, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ààbò ìlú. Ìkéde tó ṣe yìí ló jẹ́ kí ará ìlú mọ̀. Èló wá ni gbogbo ṣíà náà? Ìwé náà kò lè sọ ju pé ó wà láàárín $628,000 sí $1.72 mílíọ̀nù lọ. Ó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ tó wà láàárín iye kékeré àti iye ńlá, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ìwé náà mọ ibi tí òótọ́ dúró sí. Ó yẹ kí n fi kún un pé wọn ò fẹ̀sùn kankan kàn án: iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà pa ìwádìí tiwọn tì ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, àjọ tó ń mójú tó ọjà ṣíà náà sì pa tiwọn dé ní 2023. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni ìbò 2012. Sẹ́nétọ̀ 96 ló fọwọ́ sí òfin STOCK Act, mẹ́ta péré ló ní àwọn ò gbà. Burr wà lára àwọn mẹ́ta náà.

Ti ọkọ àti ìyàwó tún burú ju ìyẹn lọ. Bí ohun kan bá jẹ́ ti ẹnì kejì aṣòfin nìkan, tó sì ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, òfin gbà kí wọ́n kàn kọ pé ó ju $1,000,000 lọ, kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ì báà jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ì báà jẹ́ igba mílíọ̀nù, ìlà kan náà ni. Ẹ sì mọ̀ pé bí owó bá wọ yàrá tọkọtaya, kì í dá dúró sí igun ẹnì kan.

Nígbà tí ẹ bá wá rí i nínú ìròyìn pé aṣòfin báyìí ní mílíọ̀nù báyìí, ẹ rántí pé àbá ni. Àwọn bíi OpenSecrets, ẹgbẹ́ kan tó ń tọpinpin owó òṣèlú Amẹ́ríkà, máa ń kó iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù nínú àlàfo kọ̀ọ̀kan jọ, wọ́n á mú àárín rẹ̀, wọ́n á sì yọ gbèsè kúrò. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ń ṣe, mo kí wọn. Àmọ́ ẹ padà sídìí ìwé gan-an kẹ́ ẹ tó gbé iye kankan dání.

Ìtanràn tún wà. Aṣòfin tó bá fi ohun tó ju 30 ọjọ́ lọ kọjá gbèdéke kó tó kéde ọjà ṣíà rẹ̀ á san $200. Owó oṣù wọn láti 2009 jẹ́ $174,000 lọ́dún. Mo pín in sí ọjọ́ 365, ó fún mi ní $476 àti díẹ̀ lójúmọ́. Ìtanràn ẹni tó fi ìbúra ṣeré kò tó owó iṣẹ́ ọ̀sán kan! Ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí ilé náà sì tún lè fi jì í.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé iṣẹ́ tí kò wúlò ni, nítorí mo rí ibi tó ti wúlò. George Santos díje sípò aṣojú-ṣòfin láti New York ní 2020 àti ní 2022. Ìwé méjì ló fi sílẹ̀, mo sì ka ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ní ti 2020, $55,000 ni owó iṣẹ́ tó kọ. Ní ti 2022, ó ní ilé iṣẹ́ òun kan ń san $750,000 fún òun, èrè orí rẹ̀ tún wà láàárín $1,000,001 sí $5,000,000. Ẹ ò nílò ìwé ẹ̀rí ìṣirò láti béèrè ìbéèrè. Ìyá tó ń mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sí ìpàdé wa ì bá béèrè. Ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n fẹ̀sùn kàn án, irọ́ inú ìwé dúkìá sì wà lára ẹ̀sùn náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò 311 sí 114, wọ́n lé e kúrò nílé aṣòfin. Ẹ̀sùn jìbìtì àti jíjí orúkọ ẹlòmíràn lò ló gbà pé òun jẹ̀bi rẹ̀, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù 87 ní oṣù Kẹrin 2025, kí Ààrẹ Trump tó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Ìwé tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lè kún fún irọ́. Síbẹ̀, irọ́ tó wà níta, ojú ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà lára rẹ̀.

Ní ti ìrọ̀rùn, ojú òpó àwọn sẹ́nétọ̀ dára ju ìkejì lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ sórí kọ̀ǹpútà máa ń yọ bíi tábìlì tó mọ́ tónítóní, ẹ lè fi ìka tẹ̀ lé e lórí fóònù. Ti Ilé Aṣojú-ṣòfin, PDF ni. Ó dáa láti tẹ̀ jáde, kò rọrùn lórí fóònù. Àmọ́ ilé méjèèjì ṣì ń gba ìwé àfọwọ́kọ. Ìyẹn, àwòrán ìwé lásán lẹ máa rí: àmì tí wọ́n fi bírò sí inú àpótí tó tó orí abẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà ò sì lè wá ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹ sún un mọ́ ojú, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Bí mo bá ní kí n fi máàkì sí i, ti sẹ́nétọ̀ gba méje nínú mẹ́wàá, ti Ilé Aṣojú-ṣòfin gba mẹ́fà. Àlàfo iye owó ló jẹ àwọn máàkì yòókù.

Mo fẹ́ fi ti ibòmíràn wé e ní ṣókí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àkọsílẹ̀ wọn wà níta, aṣòfin sì ní 28 ọjọ́ láti fi ohun tuntun kún un, àmọ́ kò béèrè gbogbo dúkìá. Ti Faransé jẹ́ ìyanu sí mi. Láti òfin 2013 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mínísítà ìṣúná wọn, Cahuzac, tó fi owó pamọ́ sílẹ̀ òkèèrè, ẹni tó bá ní orúkọ nínú ìwé ìdìbò lè lọ ka ìwé dúkìá aṣòfin lọ́fíìsì ìjọba ẹkùn rẹ̀. Kíka nìkan ni o. Bó bá jáde, tó gbé ohun tó kà síta, ìtanràn €45,000 ń dúró dè é. Ẹ kà á, ẹ gbé e mì!

Ilé wá ńkọ́? Mi ò lè kọ gbogbo èyí kí n má dé Nàìjíríà. Abala 52 ìwé òfin 1999 sọ pé aṣòfin àgbà tàbí aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ kéde dúkìá àti gbèsè rẹ̀ kó tó jókòó sílé ìgbìmọ̀. Àjọ CCB, tó ń mójú tó ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ń gba ìwé náà. Ìwé òfin kan náà, ní Àfikún Kẹta, ní kí àjọ náà jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò rí i, níbàámu pẹ̀lú ìlànà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá là sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí la gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí fún, kò sì tíì ṣí i. Fọ́ọ̀mù CCB béèrè iye gan-an, kì í ṣe àlàfo bíi ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ìwé tiwa ì bá dára ju tiwọn lọ bí a bá rí i kà. Ààrẹ Yar'Adua gbé tiẹ̀ síta ní 2007, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé Bukola Saraki, tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin àgbà, lọ síwájú CCT, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ní 2015 lórí ìwé dúkìá rẹ̀, ìgbà yẹn la tó gbọ́ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù tiẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ gbé e síta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù Keje 2018 pé kò jẹ̀bi.

Kí n tó di akápò, mo wà nínú ẹgbẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn. A ní kí akápò wọn mú ìwé wá, ó ní, "Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ojú tì wá, a dákẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, owó ẹgbẹ́ ò pé mọ́, ẹni tó fẹ́ fi tiẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ sunkún lójú wa. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìgbẹ́kẹ̀lé dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ìwé, ara mi kì í gbà á.

Ẹni tí mo máa ní kó lọ lo iṣẹ́ yìí: ọmọ wa tó ń gbé Amẹ́ríkà tó sì ń dìbò níbẹ̀, kó tẹ orúkọ aṣojú rẹ̀ lálẹ́ òní. Oníròyìn wa pẹ̀lú. Àti gbogbo akápò ẹgbẹ́, kí ojú wọn lè mọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìwé síta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkéde ọjà ṣíà, ó kúrú, ojú ìwé kan tàbí méjì. Ẹ wá lọ sórí ti ọdọọdún, tó lè tó ọgbọ̀n ojú ìwé.

Mo tẹ ọ̀kan nínú ti ọdọọdún jáde, mo gbé e lọ sí ìpàdé tó kọjá, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ka apá gbèsè fún wọn: owó ilé tí aṣòfin náà yá ní báńkì, ọdún tó yá a, àlàfo iye rẹ̀. Láti 2012 ni òfin ti ní kí wọ́n máa kọ gbèsè ilé tí wọ́n ń gbé. Ìyá gbọ́ tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ilé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èló ni?" Mo ní, "Ìyá, ilé tí èèyàn ń gbé fúnra rẹ̀, tí kò fi rẹ́ǹtì, òfin wọn ò ní kó kọ ọ́." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, kó bá wọn wò ó dáadáa. Ọmọ náà fi ìka tọ́ gbogbo ìlà láti òkè délẹ̀, ó yí i padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ilé wà níbẹ̀. Ilé ò sí.